Omi tí à ń mu ní Calgary: òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi wọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì, ṣùgbọ́n ó wọ inú ilé oníkálukú wa, àní ó wọ inú ife tí ọmọ fi ń mumi. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2025, ìlú Calgary bẹ̀rẹ̀ sí í po fúlóráìdì mọ́ omi ẹ̀rọ padà, lẹ́yìn ọdún 14 tí wọ́n ti dá a dúró. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a dúró ní 2011, àwọn èèyàn jiyàn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà, wọ́n tún jiyàn, títí tí wọ́n fi gbé e síwájú aráàlú nínú ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 2021, tí nǹkan bíi 62 nínú 100 sì ní kí wọ́n dá a padà. Nínú gbogbo ariwo yẹn, àtàwọn tó gbà àtàwọn tí ò gbà, gbólóhùn kan náà ló wà lẹ́nu wọn: "Ìwádìí fi hàn pé..."

Ìwádìí wo? Báwo làwọn tó ṣe é ṣe mọ̀ pé ohun táwọn rí kì í ṣe èèṣì? Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dé lónìí, torí àwa náà ń dìbò níbí, àwa náà ń san owó omi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń jẹun nídìí epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà ní àríwá ìpínlẹ̀ Alberta yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ẹjọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Adájọ́ kò gbọdọ̀ jókòó pẹ̀lú èrò pé olè ni ẹni tí wọ́n mú wá. Ó ní láti kọ́kọ́ gbà pé ẹni náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kó tó wá wo ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn onísìtátísíìkì ṣe ń ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ gbà pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀: omi ìsàlẹ̀ odò kò yàtọ̀ sí tòkè, eyín ọmọ Calgary kò yàtọ̀ sí eyín ọmọ Edmonton. Wọ́n á wá béèrè pé, bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé kò sí nǹkan, ìgbà mélòó nínú 100 ni èèṣì lásán fi lè gbé irú ìyàtọ̀ tí a rí yìí, tàbí èyí tó tún jù ú lọ, jáde? Iye yẹn ni wọ́n ń pè ní p. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 5 nínú 100, wọ́n á ní àwọn ti rí nǹkan. R. A. Fisher, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ 5 yìí di àṣà nínú ìwé tó gbé jáde ní 1925. Kò sí ohun mímọ́ kan nínú iye yẹn o, ọmọ èèyàn ló fi síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fúlóráìdì wa gan-an ni ká wá fi dán an wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindsay McLaren ní University of Calgary àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ká ní eyín àwọn ọmọ Calgary nìkan ni wọ́n wò, kí wọ́n wo tìgbà tí fúlóráìdì wà nínú omi àti tìgbà tí kò sí mọ́, wọn ì bá rí i pé eyín ń dihò sí i. Ṣùgbọ́n ṣé torí fúlóráìdì ni? Àbí torí pé àwọn ọmọ ń jẹ súìtì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Àbí torí pé àwọn tó ń wọ̀lú yàtọ̀ sí àwọn tó ti wà níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe Edmonton wá jẹ́rìí. Ìlú ńlá bíi tiwa ni, ìpínlẹ̀ kan náà la wà, ìjọba kan náà ló ń ṣe àkóso wa, ṣùgbọ́n láti 1967 ni fúlóráìdì ti wà nínú omi tiwọn, wọn ò sì dá a dúró.

Wọ́n wo àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì ní ìlú méjèèjì, wọ́n fi ti ọdún 2004 sí 2005 wé ti 2013 sí 2014. Ohun tí wọ́n rí ni pé eyín àkọ́hù àwọn ọmọ bàjẹ́ sí i ní ìlú méjèèjì! Ẹ wá rí i báyìí pé, ká ní Calgary nìkan ni wọ́n wò, gbogbo ẹ̀bi ni wọn ì bá gbé ka fúlóráìdì lórí. Àmọ́ ti Calgary burú ju ti Edmonton lọ, ó sì hàn ketekete. Nígbà tó di 2018 sí 2019, tí àwọn ọmọ tí wọ́n wò ní Calgary kò tíì mu omi fúlóráìdì ìlú yìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, wọ́n tún padà lọ. Wọ́n yẹ ẹnu ọmọ tó lé ní 2,600 wò níbí, àti nǹkan bíi 1,600 ní Edmonton. Ní Calgary, 64.8 nínú 100 ọmọ ni eyín àkọ́hù wọn ti ní ìbàjẹ́. Ní Edmonton, 55.1 ni.

Ìdánwò wo ló yẹ irú ọ̀rọ̀ báyìí? Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ṣé eyín rẹ̀ bàjẹ́, àbí kò bàjẹ́? Ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún là ń fi wéra. Èyí tó bá irú rẹ̀ mu ni chi-square, tí Karl Pearson gbé kalẹ̀ ní 1900, tàbí àwọn tó bá a tan. Bó bá sì jẹ́ iye ihò tó wà lẹ́nu ọmọ kọ̀ọ̀kan la kà, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ò ní ní ẹyọ kan, àwọn díẹ̀ á sì ní mẹ́wàá. Òṣùwọ̀n mìíràn nìyẹn ń fẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá. Àwọn ọmọ yẹn, ilé ìwé ilé ìwé ni wọ́n ti ṣà wọ́n. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé kan náà, àdúgbò kan ni wọ́n ń gbé, owó tó ń wọlé fún òbí wọn sábà máa ń jọra, ilé ìtajà kan náà ni wọ́n ti ń ra mínírà. Bíi isu inú ebè kan ni wọ́n rí. Ẹni tó bá wa isu 20 láti inú ebè kan kò lè fọ́nnu pé òun ti mọ bí oko 20 ṣe rí. Ìṣirò tó dáa gbọ́dọ̀ rántí èyí, kó má fi ọmọ tó pọ̀ ṣe ẹ̀tàn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìṣirò tiwọn tán, wọ́n ní iye gidi fún Calgary yóò wà láàárín 62.3 sí 67.3, ti Edmonton láàárín 52.3 sí 57.8. Méjèèjì ò fara kan ara wọn rárá. Lójú tèmi, irú ìlà méjì báyìí wúlò fún aráàlú ju p lọ, torí ó sọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó, kì í ṣe pé ó kàn wà. Ẹni tó bá sì ní fúlóráìdì ń ba nǹkan mìíràn jẹ́ nínú ara, ìbéèrè mìíràn ló ń béèrè yẹn. Ẹ̀rí eyín ò lè dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi tirẹ̀ pa ẹ̀rí eyín rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ àwọn apọntí díẹ̀. Ìdánwò tó gbajúmọ̀ jù lọ láyé, t-test, inú ilé iṣẹ́ Guinness ní Dublin ló ti jáde wá. William Sealy Gosset ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkà bálì ló gbà á lọ́kàn, ohun tó sì ní lọ́wọ́ láti fi dán an wò kò pọ̀. Ní 1908 ó gbé ìṣirò rẹ̀ jáde fún aráyé, ṣùgbọ́n kò lo orúkọ ara rẹ̀, Student ló pe ara rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti mu ìgò dúdú tí wọ́n ń pọn ní Ìkẹjà láti 1962, sìtátísíìkì lẹ ti ń mu látọjọ́ yìí tẹ́ ẹ ò mọ̀.

T-test dáa púpọ̀ bí àwọn iye tí a kó jọ bá rọra pé lé àárín, tí díẹ̀ lọ sókè, tí díẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Omi àti ilẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìkómọjáde. Èèyàn 30 fi 20 dọ́là, 30 dọ́là sínú àwo, ẹnì kan ṣoṣo wá fi 2,000 dọ́là sí i. Bẹ́ ẹ bá pín owó yẹn dọ́gba, ẹ ó rò pé olówó ni gbogbo wa. Odò Bow náà máa ń ní ọjọ́ 2,000 dọ́là tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà tí yìnyín orí òkè ń yọ́, omi á dàrú, ẹrẹ̀ á pọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo nǹkan tó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ á sì ròkè lọ. Ká má tíì sọ ti omíyalé oṣù kẹfà ọdún 2013. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ti tó láti da ìpíndọ́gba ọdún odindi rú. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń to àwọn iye náà láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, tí wọ́n á fi ipò wọn wéra dípò iye wọn. Wilcoxon ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1945, Mann àti Whitney sì tún un ṣe ní 1947.

Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bu omi lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí ìlú ń da omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti wẹ̀ mọ́ sí, ẹ so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì bí ìbejì, kẹ́ ẹ wo ìyàtọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tú wọn ká, tó da ti oṣù kìíní pọ̀ mọ́ ti oṣù kẹfà, ti ju ohun tó dáa jù nínú ìwádìí rẹ̀ nù. Bó bá wá jẹ́ bóyá nǹkan ń pọ̀ sí i láti ọdún dé ọdún lẹ fẹ́ mọ̀, Mann-Kendall ni wọ́n sábà ń lò. Àwọn oníwàádìí omi ní Amẹ́ríkà sì ti tún un ṣe ní 1982 kí ó lè máa fi oṣù kìíní wé oṣù kìíní, kí ó má baà ṣi ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò pè. Ẹ jọ̀wọ́, bí yàrá àyẹ̀wò bá kọ ọ́ pé ohun kan kéré ju èyí tí ẹ̀rọ àwọn lè rí, òdo kọ́ nìyẹn o! Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ òdo sí i, kí iṣẹ́ lè yá.

Gbogbo ìyẹn rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Fort Chipewyan. Ìlú kékeré ni, létí adágún Athabasca, ní àríwá Alberta, nísàlẹ̀ odò sí ibi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn epo. Àwọn onílẹ̀ gan-an ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Cree, Dene àti Métis, wọn ò sì ju nǹkan bíi 1,200 lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní 2006, dókítà tó ń lọ wò wọ́n, John O'Connor, ké gbàjarè pé àrùn jẹjẹrẹ tí òun ń rí níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Àjọ tó ń mójú tó àrùn jẹjẹrẹ ní Alberta ṣèwádìí, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2009. Láàárín 1995 sí 2006, wọ́n rí jẹjẹrẹ 51 lára èèyàn 47. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe ń ṣe àwọn ará Alberta yòókù ló ń ṣe wọ́n, 39 ló yẹ kí wọ́n rí.

Mọ́kànléláàádọ́ta dípò mọ́kàndínlógójì. Ṣé èèṣì ni, àbí kì í ṣe èèṣì? T-test ò wúlò níbí. Chi-square ńlá náà ò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu, torí ohun tí à ń kà kò pọ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irú kíkà báyìí, ìṣirò Poisson ló ni ín, Faransé kan tó gbé e jáde ní 1837 ló sì fún un lórúkọ. Mo ṣe ìṣirò náà fúnra mi lórí iye méjèèjì yìí, ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ yín tó ń ka sìtátísíìkì lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ ẹ bá béèrè pé, "ṣé iye yìí yàtọ̀ sí 39, yálà ó pọ̀ jù tàbí ó kéré jù," p yóò jẹ́ bíi 7 nínú 100. Wọ́n á ní kò tó ẹ̀rí. Bẹ́ ẹ bá béèrè pé, "ṣé iye yìí pọ̀ ju 39 lọ," p yóò jẹ́ bíi 4 nínú 100. Wọ́n á ní ẹ̀rí ti dé! Òkú kan náà, aláìsàn kan náà, ìdílé kan náà, àmọ́ bí ìbéèrè ṣe yí díẹ̀, ìdájọ́ yí.

Èwo ló tọ́? Tèmi ni pé ẹ̀rù pípọ̀ ni dókítà yẹn gbé dé, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé jẹjẹrẹ ti kéré jù. Nítorí náà, ìbéèrè kejì ló sún mọ́ ohun tó wà lọ́kàn aráàlú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó rí iye kankan. Ẹni tó dúró títí tó fi rí 51 kó tó yan ìdánwò, ó ti rí ibi tí ọfà balẹ̀ kó tó lọ ya àmì sí i nídìí. Bí ẹ ṣe ń ka ìròyìn ìjọba tàbí ti ilé iṣẹ́, ìgbà wo ni wọ́n yan ìdánwò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nínú ẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé ìlú tó ní 1,200 èèyàn kéré. Kódà bí ewu tó wà níbẹ̀ bá fi ìdá mẹ́ta ju ti ibòmíràn lọ, ọdún 12 lè kọjá kí ìdánwò má lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹni tó fi iná ìṣáná wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá òkùnkùn, tí kò rí i, kò lè búra pé abẹ́rẹ́ ò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń ka "a kò rí ẹ̀rí" sí "kò séwu", bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì jìnnà síra bí Calgary ṣe jìnnà sí Ìbàdàn. Àbọ̀ 2009 yẹn fúnra rẹ̀ gbà pé àpapọ̀ jẹjẹrẹ tí wọ́n rí ju iye tí wọ́n retí lọ, ó sì ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ tó kéde owó fún ìwádìí ìlera ọlọ́dún mẹ́wàá tí àwọn ará ìlú náà fúnra wọn yóò darí. Ọdún 18 lẹ́yìn tí dókítà ké gbàjarè!

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti odò Athabasca fúnra rẹ̀. Ní 1997 ni ètò kan tí àwọn ilé iṣẹ́ epo ń náwó sí nígbà náà, RAMP, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi àti ẹja níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó yẹ iṣẹ́ wọn wò ní 2004 rí àléébù ńlá nínú bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, àwọn mìíràn tí àbọ̀ tiwọn jáde ní 2011 náà tún rí i. Kò sí ìdánwò tó lè tún ìyẹn ṣe. Bí wọ́n bá ti bu omi níbi tí kò yẹ, tàbí tí ọdún kan kò bá èkejì mu, kò sí òṣùwọ̀n tó lè gbà á là.

Ọ̀jọ̀gbọ́n David Schindler ti University of Alberta, tó ti di olóògbé ní 2021, àti Erin Kelly àtàwọn ẹgbẹ́ wọn gba ọ̀nà mìíràn. Ní òpin òtútù 2008, yìnyín tó ti ń kó ohun tó ń já bọ́ látojú ọ̀run jọ fún oṣù mẹ́rin ni wọ́n lọ gbẹ́, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń se epo àti níbi tó jìnnà. Wọ́n tún bu omi lókè àti nísàlẹ̀ ibi ìwakùsà. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ yẹn ti jà ju ìdajì ìjà lọ. Láàárín 50 kìlómítà sí àwọn ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ṣírò pé eruku tó já bọ́ sórí yìnyín láàárín oṣù mẹ́rin yẹn tó 11,400 tọ́ọ̀nù. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2010, mẹ́kúrì, òjé, kádímíọ̀mù àti mẹ́rin mìíràn ju ìwọ̀n tí òfin fi dáàbò bo ohun alààyè inú omi lọ, nínú yìnyín tó yọ́ tàbí nínú omi odò nítòsí ibẹ̀. Ní 2012, ìjọba àpapọ̀ àti ti Alberta jọ gbé ètò ìṣọ́ tuntun kalẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń fẹ́ ìdánwò. Ní ilẹ̀ Ògóni ní ìpínlẹ̀ Rivers, nígbà tí UNEP gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 2011, omi kànga táwọn ará Nisisioken Ogale ń mu ní bẹ́nsíìnì tó fi ìlọ́po 900 ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí lọ. Níbì kan, epo tó léfòó lórí omi inú ilẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Ẹni tó bá ní kí àwọn ará ibẹ̀ dúró de p kí wọ́n tó rí omi mìíràn mu, ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ni.

Ní ti tiwa níbí, àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Calgary lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2025 yóò dé kíláàsì kejì ní nǹkan bíi 2032 sí 2033. Ìgbà yẹn la tó lè mọ̀ bóyá 64.8 yẹn ti wálẹ̀, bí wọ́n bá tún lọ wo Edmonton lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilé ìwé bá fi fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò eyín ránṣẹ́ sí yín nígbà náà, tó ń béèrè irú omi tí ọmọ ń mu nílé àti bóyá inú ìlú yìí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òótọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì dá a padà lásìkò.